Bí Oògùn Ikọ́ Ṣe Ń Tán Kí Ọkọ̀ Òkun Tó Dé

Oògùn tó yọ wá lẹ́nu jù lọ ní ilé ìwòsàn ìjọba tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Banjul ni oògùn ikọ́. Ó pupa bí omi ìṣápá, ó dùn, ó sì ń tán. Bí ọkọ̀ òkun bá já a sí èbúté, tí lọ́rì sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, inú gbogbo wa a dùn fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, èmi apoògùn a bẹ̀rẹ̀ sí í da ìgò ńlá dojú bolẹ̀, n óò máa gbá a nídìí bí ẹni ń gbá ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun, bóyá ẹ̀kán kan yóò tún já bọ́.

Ọkọ mi ló gbé mi dé ìlú náà. Tíṣà ni. Wọ́n gbà á láti Nàìjíríà pé kó wá kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò, èmi náà sì ti kọ́ iṣẹ́ oògùn pípò kí a tó ṣègbéyàwó. Mo ti sọ fún un láti Èkó pé n kò ní tẹ̀ lé e lọ ibi kankan kí n kàn jókòó máa wo òkun. Nígbà tí a dé, owó tuntun wọn, dàlásì, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn ìyá àgbà ṣì ń pe gbogbo nǹkan ní ṣílè, ìjọba sì ń wá ẹni tó mọ oògùn pò. Kò pẹ́ tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé ìwòsàn wa kò ju yàrá ńlá kan lọ, tí a fi pákó pín, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn níwájú tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí. Ẹnu ọ̀nà Jollof Town ló wà, àdúgbò àwọn agboolé àtijọ́ tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn láti ìgbà bàbá ńlá wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Akú, àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ wa lọ, tí wọ́n gba Sàró kọjá kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Èdè wọn dà bíi gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sè nínú ìkòkò Yorùbá. Ọjọ́ kìíní tí mo dé ẹnu iṣẹ́, ìyá àgbà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí mi pé, "Kúṣẹ o." Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo dáhùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní èdè Akú mi kò burú fún àlejò, ṣùgbọ́n mo ń fà á gùn jù.

Gráànì ni gbogbo ènìyàn ń pe ìyá yìí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Akú ṣe ń pe ìyá àgbà. Obìnrin kékeré ni, ó máa ń wọ kaba gbọọrọ tó gbá ilẹ̀, ó sì ní ẹ̀rín ẹni tó mọ nǹkan tí ìwọ kò mọ̀. Bó bá ti wá síbi wa, ìgò òfìfo kan máa ń wà nínú àpò rẹ̀. Oògùn ikọ́ ló máa ń gbà. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kó wúkọ́ rí.

Ọ̀gá wa nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni nọ́ọ̀sì àgbà, tí a ń pè ní Sísítà. Wólọ́ọ̀fù ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Bó bá gba ohun tí o sọ, á ní "Waaw," èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá gbà á, á tún ní "Waaw," ṣùgbọ́n á fà á. Ó tó oṣù díẹ̀ kí n tó mọ ìyàtọ̀.

Báyìí la wà nígbà tí dókítà tuntun dé. Ọmọ ìlú ni, Akú pátápátá, tó lọ kàwé ní ìlú òyìnbó, tó sì tún dúró síbẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń ṣètò ilé ìwòsàn. Ó ga, ó tínrín, ó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún. Àwọn ọ̀gá lókè ti sọ fún un pé owó tó wà fún ìlera kò pọ̀, kò sì ní pọ̀ sí i, kó lọ wá ibi tó ti ń jò, kó dí i. Ó kó wa jọ ní àárọ̀ ọjọ́ tó dé, ó ṣàlàyé èyí fún wa pẹ̀lú ìtara. Ó ní a óò tọ́jú ènìyàn púpọ̀ sí i pẹ̀lú ohun tí a ní.

Sísítà ní, "Waaaw."

Dókítà rò pé ó gbà.

Ó fi ọ̀sẹ̀ kan dúró sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wá. Kì í bínú, kì í báni wí, ó kàn ń wò. Nígbà tó wòran tán, ó wọlé wá bá mi níbi tí mo ti ń po oògùn.

Ó ní, "Màdáàmù, oògùn ikọ́ ló ń jẹ wá run. Ohun tí à ń ná lé e lórí tó láti ra abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọ, kó sì tún ṣẹ́ kù. Ṣé gbogbo ìlú yìí ló ń wúkọ́ ni?"

Mo ní, "Dókítà, èmi náà ti ń rò ó."

Ó bu díẹ̀ sínú ṣíbí, ó tọ́ ọ wò. Ó dúró díẹ̀. Ó tún bu òmíràn.

Ó ní, "Ṣùgá ni gbogbo èyí. Ta ni kò ní máa wá gba nǹkan tó dùn báyìí lọ́fẹ̀ẹ́? Wọ́n ń fi í mu kókó ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di kíkorò. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe lóòótọ́ nìkan ló máa mu ún."

Lójú mi, ó bọ́gbọ́n mu. Èèpo igi kíkorò kan wà nínú yàrá oògùn wa, tí a máa ń rẹ sómi fún àwọn tí kò bá lè jẹun. Bó bá kan ahọ́n rẹ, á dà bíi pé wọ́n fi ilẹ̀kùn gbá ọ lẹ́nu. Mo rẹ ẹ́, mo sẹ́ ẹ, mo dà á mọ́ oògùn ikọ́. Dókítà tọ́ ọ wò, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, inú mi ń dùn bí mo ṣe ń wo ojú àwọn ènìyàn bí wọ́n ti ń tọ́ ọ wò. Ọkùnrin kan tó ń ru ẹrù ní èbúté gbé ìgò sẹ́nu lójú wa, ó mi ara bí ajá tó jáde nínú omi. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti mú oògùn gidi dé."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìròyìn ti dé Bakau, ìlú àwọn apẹja. Àwọn ìyàwó apẹja wá láti ibẹ̀ pẹ̀lú ìgò, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìjọba ti jáwọ́ nínú omi ṣùgá tó ń fún àwọn ọmọdé. Àwọn tí kò gba oògùn ikọ́ rí dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ti ń gbà á. Èyí tó tún burú ni pé èèpo igi yẹn ń ṣe iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an. Ẹni tó bá mu ún, ebi a bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò fẹ́ jẹun gbọ́ èyí, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n. Ìyá kan sọ fún Sísítà níṣojú dókítà pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti ń mu oògùn ikọ́ tuntun yìí, àwo benachin, ìrẹsì alátà wọn, tí òun ń gbé fún un kò tó o mọ́, òun sì wá gba ti àbúrò rẹ̀ náà, nítorí ó rù.

Dókítà béèrè pé, "Ṣé ọkọ yín ń wúkọ́?"

Ó ní, "Rárá o. Ara rẹ̀ le."

Dókítà padà wọlé, ó jókòó. Ó ní kí n má fi èèpo igi sí i mọ́.

A padà sí èyí tó dùn, ṣùgbọ́n àwọn tó tìtorí kíkorò wá kò lọ. Wọ́n ní bóyá tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò korò. Dókítà wá gbé òfin kejì dìde. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, a kò ní fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ikọ́ àfi bí Sísítà bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ikọ́ náà.

Mo rántí ohun tó tẹ̀ lé e dáadáa. Ọkùnrin èbúté yẹn, tó ti sọ ara rẹ̀ di agbẹnusọ àwọn aláìsàn, ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó gbá àyà mú, ó hú ikọ́ kan tó mi pákó. Sísítà wò ó, ó fọwọ́ sí i pé kó lọ gba oògùn. Èyí tó tẹ̀ lé e ṣe tirẹ̀ láti ọ̀fun nìkan.

Sísítà ní, "Èyí kì í ṣe ikọ́. O kàn ń pe ẹnìkan ni. Lọ jókòó."

Ọkùnrin èbúté pe ẹni náà sí ẹ̀gbẹ́. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé. "Má ṣe é láti ọ̀fun. Láti ìsàlẹ̀ ikùn ni. Tẹ̀ síwájú díẹ̀. Jẹ́ kí ojú rẹ pọ́n." Kò pẹ́ tí gbogbo bẹ́ǹṣì fi ń kọ́ iṣẹ́. Àwọn kan ń wú u ní gbẹrẹfu, àwọn kan ń wú u bí ẹni ń ya aṣọ, ìyá arúgbó kan ń wú tirẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, ó fi ìborùn bo ẹnu. Àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà dúró láti wòran. Gráànì nìkan ni kò kópa. Nígbà tó kàn án, ó bọ́ síwájú Sísítà, ó gbé ìgò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ní ọjọ́ orí mi yìí, ṣé wàá ní kí n máa wúkọ́ fún ọ?" Sísítà ní kí wọ́n fún un.

Ohun tó bà wá lọ́kàn jẹ́ ni ti obìnrin kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ náà ti wúkọ́ títí ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tó dé iwájú Sísítà, ó rí kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìgbànú rẹ̀, ó dì í mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kò wúkọ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ ń gbá a lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ kó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rín ni ọmọ ń rín. Dókítà rí i. Òun fúnra rẹ̀ gbé ọmọ náà, ó fi ohun èlò rẹ̀ gbọ́ àyà rẹ̀, ó bu oògùn fún un, ó sì ní kí Sísítà fi òfin ikọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa, ikọ́ gbé e. Ó ti dúró sí àárín àwọn tó ń wúkọ́ pẹ́ jù, àwọn díẹ̀ nínú wọn kò sì ṣeré.

Sísítà tẹ́tí sí i tán. Ó ní, "Waaw. Èyí jẹ́ ikọ́."

Àkókò yẹn gan-an ni oògùn tán. Ọyẹ́ ti dé, eruku ń fẹ́ láti ìhà aṣálẹ̀, gbogbo ìlú sì wá ń wúkọ́ lóòótọ́. Ọkọ̀ tó kó oògùn wa wà lójú omi, a lè rí i láti etí òkun, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ mìíràn wà níwájú rẹ̀ ní èbúté. Mo da ìgò ńlá dojú bolẹ̀, mo gbá a, kò sí nǹkan. Dókítà ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú áńkáṣíìfù lẹ́nu, bó bá ti ń bi aláìsàn léèrè, ikọ́ a gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí méjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Gráànì wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo sọ fún un pé oògùn ti tán. Ó mi orí bí ẹni tó ti mọ̀. Ó ń lọ kó tó gbọ́ tí dókítà ń wúkọ́ nínú yàrá rẹ̀. Ó dúró tẹ́tí sí i díẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé láìkànkùn.

Ó bi í pé, "Ṣé ọmọ rẹ̀ ni ọ́, ìyá tó ń rán aṣọ nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Dókítà ní, "Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí, Gráànì."

"Báyìí náà ló ṣe máa ń wúkọ́. Dìde. Mo ní oògùn nílé."

Dókítà rò pé ewé tàbí àgbo ló ń sọ. Ó fẹ́ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́, ikọ́ kò jẹ́ kó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó bá dìde. Ó wò mí pé kí n tẹ̀ lé òun, bóyá kí n lè sọ fún un ohun tó fẹ́ mu. A gba àárín àwọn agboolé kọjá, àwọn ènìyàn ń kí Gráànì lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì ń kí dókítà ní ẹ pẹ̀lẹ́.

Yàrá kan ní ẹ̀yìn ilé ló mú wa wọ̀. Ó mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, àga kan, àti kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ayé àtijọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Kò sí aṣọ nínú rẹ̀. Láti òkè délẹ̀, ìgò ni, ìgò ọtí, ìgò lọ́fínńdà, ìgò omi ẹlẹ́rìndòdò, gbogbo wọn kún fún omi pupa, gbogbo wọn dí lẹ́nu. Ó to èyí tó dùn sápá kan, ó to èyí tó korò sápá kejì, ó sì so òwú dúdú mọ́ èyí tó korò lọ́rùn.

Ó bi dókítà pé, "Èwo lo fẹ́?"

Dókítà jókòó sórí àga. Mo rò pé inú yóò bí i, nítorí owó tí kò jẹ́ kó sinmi ló ń wò nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Gráànì bu èyí tó dùn sínú ife, ó gbé e fún un, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

Dókítà wá béèrè pé, "Gráànì, kí ló dé tí ẹ kò mu ún?"

Gráànì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní nígbà tí òun ṣì jẹ́ abiyamọ, ikọ́ mú àkọ́bí òun nínú ọyẹ́. Òun gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń pín oògùn. Ẹni tó wà níbẹ̀ sọ pé oògùn ti tán, pé kí òun padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òun padà wá. Wọ́n tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kò sọ bó ṣe parí, a kò sì bi í.

Ó ní, "Láti ìgbà náà, bó bá ti wà, mo máa ń gbà á. Ìgbà tó bá wà kọ́ la máa ń nílò rẹ̀. Ìgbà tí kò bá sí ni. Kò sí ilé tí kò ti ní nínú agboolé yìí. Bí oògùn bá tán lọ́dọ̀ yín, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń wá."

Dókítà ní, "Gráànì, bóyá nítorí pé gbogbo yín ń tọ́jú rẹ̀ ló fi ń tán."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Gráànì wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó tán."

A ń padà bọ̀, dókítà ṣáájú mi. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ó dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Màdáàmù, mo ti ń wá olè. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà jọ wá lójú bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ó pe káfíńtà, ó ní kó yọ pákó tó wà láàárín yàrá oògùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó sì fi wáyà oníhò wẹ́wẹ́ dí i, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ. Ó ní kó kan pẹpẹ sẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì máa rí oògùn, kí wọ́n mọ̀ pé ó wà, kí ọkàn wọn sì balẹ̀. Ohun tó kù ni pé oògùn kò tíì sí. Ọkọ̀ wa ṣì wà lójú omi.

Ó padà lọ bá Gráànì. N kò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró ìgò láti òpópónà. Gráànì ló ṣáájú, kò ru nǹkan kan. Àwọn obìnrin agboolé tẹ̀ lé e pẹ̀lú agbọ̀n lórí, ìgò kún inú wọn. Ọkùnrin èbúté wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọlanke. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òórùn lọ́fínńdà, ọtí àti ṣùgá pa pọ̀, eṣinṣin ìlú gbọ́. Mo ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ti kan. Òmíràn jẹ́ epo pupa, ẹni tó ni ín sì ti ń wá a láti àárọ̀.

Mo fa dókítà sí ẹ̀gbẹ́. Mo ní, "Dókítà, n kò lè fún ènìyàn kankan ní èyí. Àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀ kí n tó dé ìlú yìí."

Ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ fún wọn? Ẹ tò ó sí pẹpẹ. Wíwò nìkan ni."

"Bí wọ́n bá béèrè ńkọ́?"

"Ẹ ní ó wà nílẹ̀ fún ìgbà tí tuntun bá dé. Òótọ́ ni. Yóò wà nílẹ̀."

Sísítà gbọ́ wa. "Waaaw," ló wí, ó sì mú ìgò méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.

Pẹpẹ kún. Oòrùn ọ̀sán ta sí i, ó pupa bí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó wá jókòó, wọ́n wò ó, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ síra wọn létí. Fún àwọn tó ń wúkọ́, a ń fún wọn ní omi gbígbóná pẹ̀lú oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́, dókítà sì ń sọ fún wọn pé ohun tí òun náà ń mu nìyẹn. Wọ́n ń wo ìgò bí wọ́n ti ń mu omi gbígbóná. Kò sẹ́ni tó bínú.

Nígbà tí ọkọ̀ wa rí àyè níkẹyìn, tí oògùn tuntun dé, a kó ti àtijọ́ kúrò, mo sì dà á sínú kòtò lẹ́yìn ilé. Mi ò rò ti àwọn ewúrẹ́ àdúgbò. Òbúkọ ńlá kan tó máa ń yọ àwọn aláìsàn lẹ́nu ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó lá a títí, ó wá dùbúlẹ̀ síwájú ọ̀nà àbáwọlé, ó sùn di ọjọ́ kejì, àwọn aláìsàn ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ni ín wá bi wá bóyá a lè máa fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo rò pé ìlú yóò tún gbá gbogbo tuntun lọ. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wúkọ́ wá gbà á. Àwọn tó kù a dúró lẹ́bàá wáyà, wọ́n á wò ó, wọ́n á kí mi, wọ́n á lọ ọjà. Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn dé, oògùn ṣì wà lórí pẹpẹ wa, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Nínú owó tí dókítà rí fi pa mọ́, a ra àpótí tútù tí a fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára, a sì ra òṣùwọ̀n ọmọ kejì, àwọn ìyá kò sì ní láti máa jà nítorí ẹyọ kan mọ́.

Àwọn ọ̀gá lókè gbọ́. Wọ́n rán ènìyàn wá wò ó. Ọkùnrin náà wo wáyà, ó wọ̀n ọ́n, ó lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí gbogbo ilé ìwòsàn ṣe irú rẹ̀. Káfíńtà ríṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé ìwòsàn òkè odò, wáyà nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́. Àwọn ènìyàn débẹ̀, wọ́n gba inú wáyà wo pẹpẹ òfìfo, wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ti ń fura sí tipẹ́. Ìyókù oògùn tó wà lábẹ́ tábìlì tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ rẹ̀ fẹ́ padà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kó nínú ohun tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ wa, kí n bá ọkọ̀ ojú omi gòkè odò lọ. Ọkọ mi ní òun kò rí ìyàwó tíṣà tó ń kó ìgò kiri rí. Mo ní kó fún mi ní aṣọ àtijọ́ tí n óò fi wé wọn kí wọ́n má baà fọ́.

Ìlú kékeré kan ni mo ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀, bẹ́ǹṣì ti kún. Mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìgò kúrò nínú aṣọ, mo ń tò wọ́n sórí pẹpẹ níṣojú wọn. Bàbá arúgbó kan tó fi ọ̀pá dúró fi iwájú orí rẹ̀ kan wáyà, ó ń wo ìgò kọ̀ọ̀kan bó ti ń dúró sí àyè rẹ̀. Nígbà tí pẹpẹ kún tán, ó mí kanlẹ̀, ó yípadà, ó ń lọ.

Mo pè é padà. Mo ní, "Bàbá, ẹ kò tíì gba oògùn."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Ara mi yá."

Ó sì rọra ń bá ọ̀nà oko lọ.